Wọ́n Tún Ti Gbé Ẹyin Kúrò Níbi Tó Wà: Ohun Tó Wà Nídìí Àtúnṣe Àwọn Súpámákẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà

Ẹ wọ súpámákẹ́ẹ̀tì tí ẹ ti ń ra ọjà láti bí ọdún mẹ́wàá. Ẹsẹ̀ yín ti mọ ọ̀nà: ó yà sápá òsì, ó gba àárín pẹpẹ kẹta kọjá, ó dé ibi tí ẹyin máa ń wà. Ẹyin ò sí níbẹ̀. Ilẹ̀ kọnkéré lásán ni ẹ bá, wọ́n ti ta ọ̀rá funfun bo ògiri, wọ́n sì lẹ ìwé kan mọ́ ọn tó ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fara dà á, pé nítorí yín náà ni.

Àwọn kan á ní owó ló pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Àwọn mìíràn á ní wọ́n fẹ́ fowó lé ọjà ni, wọ́n kàn ń wá àwáwí. Ọ̀rọ̀ náà kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Bí súpámákẹ́ẹ̀tì bá ń tú ilé palẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ wo inú rẹ̀, òpópónà ni kí ẹ wò. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti ra ilẹ̀ níwájú díẹ̀, kí katakata ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ibẹ̀. Ohun tí ẹ ń rí nínú ṣọ́ọ̀bù yín lónìí, ìdáhùn sí ẹni tí kò tíì dé ni.

Àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì agbègbè ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ta ni à ń pè bẹ́ẹ̀? Walmart wà ní gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà. Kroger àti Albertsons náà tóbi, oríṣiríṣi orúkọ ni wọ́n sì ń jẹ́ láti ibì kan dé ibòmíràn. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn wọ̀nyí ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ pé ìpínlẹ̀ díẹ̀ péré ló mọ̀ wọ́n dáadáa. Publix ni ti Florida. George Jenkins ló dá a sílẹ̀ ní Winter Haven ní 1930, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìpín rẹ̀ títí dòní. H-E-B ni ti Texas, ó ti inú ṣọ́ọ̀bù kékeré tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Florence Butt ṣí ní Kerrville ní 1905 jáde. Wegmans ti Rochester ní New York wá, ìdílé kan náà ló ṣì ni ín. Hy-Vee wà ní Iowa àti àyíká rẹ̀, Giant Eagle wà ní Pittsburgh. Ẹni tó ń gbé Texas lè má gbọ́ orúkọ Wegmans rí láyé rẹ̀. Ẹ wá dán an wò kí ẹ bu ẹnu àtẹ́ lu Wegmans lójú ará Rochester, ẹ̀yin náà á rí i.

Ohun kan máa ń da àwọn èèyàn láàmú níbí o. Orúkọ lè jẹ́ ti agbègbè kí olówó jẹ́ ará òkèèrè. Food Lion ní North Carolina àti Stop & Shop ní àríwá ìlà-oòrùn, abẹ́ Ahold Delhaize ni àwọn méjèèjì wà, ilé-iṣẹ́ àwọn ará Netherlands àti Belgium tó dà pọ̀ di ọ̀kan ní 2016. Àmọ́ oníbàárà kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀ ìpín. Ó mọ orúkọ tó wà lókè ilẹ̀kùn, ó sì mọ ẹni tó ń bá a gé ẹran.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí owó. Nínú dọ́là 100 tí ẹ bá ná ní súpámákẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti san owó ọjà, owó òṣìṣẹ́, owó iná, owó ilé àti owó orí, dọ́là kan sí mẹ́ta ló sábà máa ń kù gẹ́gẹ́ bí èrè. Èrè tín-ín-rín ni. Iye ọjà tó ń jáde lójoojúmọ́ ló ń gbé òwò náà dúró.

Ẹ wá rò ó wò. Bí ṣọ́ọ̀bù tuntun bá ṣí nítòsí, tó sì fà díẹ̀ lára àwọn oníbàárà lọ, owó ilé kò dín. Fíríìjì kò lè ní nítorí pé èrò dín, òun náà á dín iná tó ń jẹ kù. Ẹni tó ń yan búrẹ́dì gbọ́dọ̀ dé ní òwúrọ̀ kùtùkùtù bó ti máa ń dé. Ìnáwó dúró sójú kan, owó tó ń wọlé ló jò. Ìdí nìyí tí kò fi dìgbà tí ìdajì oníbàárà bá lọ kí súpámákẹ́ẹ̀tì tó wọ gàù. Bí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn bá yà sílé kejì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èrè ọdún yẹn ti wọmi.

Ẹ lè ní kí wọ́n kúkú dín owó ọjà kù. Ta ni wọ́n fẹ́ bá díje lórí ìyẹn? Walmart ṣí Supercenter rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ìlú Washington, ìpínlẹ̀ Missouri, ní 1988, ó kó oúnjẹ àti aṣọ àti táyà mọ́tò sábẹ́ òrùlé kan náà, òun ló sì ń ta oúnjẹ jù ní Amẹ́ríkà lónìí. Ẹni tó ń ra ẹgbẹ̀rún ọkọ̀ ẹrù lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan kò ní ra á ní iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń ra mẹ́wàá. Òfin kan wà láti 1936 tí wọ́n ń pè ní Robinson-Patman, tó ní kí ilé-iṣẹ́ má ṣe ta ọjà kan náà ní iye tó yàtọ̀ síra fún àwọn oníṣòwò tó ń figagbága, bí ìyẹn bá máa pa ìdíje lára. Ṣùgbọ́n láti àwọn ọdún 1980 ni ìjọba ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òfin yẹn jù sí kọ̀rọ̀. Àwọn kéékèèké wá ọgbọ́n dá sí i: wọ́n para pọ̀ ra ọjà. Wakefern, tó bẹ̀rẹ̀ ní New Jersey ní 1946, jẹ́ ẹgbẹ́ àjùmọ̀ní irú bẹ́ẹ̀. Àwọn ìdílé tó ní ṣọ́ọ̀bù ShopRite ló ni ín. Ó ràn wọ́n lọ́wọ́ gidi, àmọ́ kò sọ wọ́n di Walmart.

Aldi ní tirẹ̀ tọ ọ̀nà mìíràn gbà. Láti 1976 ni àwọn ará Jámánì yìí ti wà ní Amẹ́ríkà. Oríṣi ọjà tí wọ́n ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù kan kò tó 2,000, nígbà tí súpámákẹ́ẹ̀tì gidi ń tà ju 30,000 lọ. Nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ọjà wọn ló jẹ́ orúkọ tiwọn fúnra wọn, inú páálí tó gbé e wá ni wọ́n ti ń tà á, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi owó ẹyọ kan sílẹ̀ kí ẹ tó rí kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù mú. Kò sí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún pé kó máa kó kẹ̀kẹ́ kiri. Ibi tí ọjà wọn ti ń pọ́ọ́kú nìyẹn.

Súpámákẹ́ẹ̀tì agbègbè wá há sáàárín. Ẹni tó wà lókè ní agbára ìrajà ju tiẹ̀ lọ, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ní ìnáwó tó kéré sí tiẹ̀. Bó bá ní òun á bá àwọn méjèèjì dín owó ọjà, èrè dọ́là méjì tó ní ló máa fi jó iná. Ohun tó kù tó lè fi jà ni ilé fúnra rẹ̀: bí ẹ ṣe máa rí i tí ẹ bá wọlé, bí ó ṣe máa rọ̀ yín lọ́rùn tó, ohun tí ẹ lè rí níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn. Ìrínisí ni ìsọni lọ́jọ̀, wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìtàn kékeré kan bá èyí mu. Títí di 1916, ẹni tó bá fẹ́ ra oúnjẹ ní Amẹ́ríkà á dúró níwájú káńtà, á sọ ohun tó fẹ́, ọmọ ọjà á sì lọ gbé e wá. Ọdún yẹn ni Clarence Saunders ṣí Piggly Wiggly ní Memphis, ó ní kí oníbàárà wọlé kó mú ohun tó wù ú fúnra rẹ̀. Ní 1930, Michael Cullen gba ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú mọ́tò tẹ́lẹ̀ ní Queens, New York, ó sọ ọ́ di King Kullen, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní súpámákẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́. Nígbà tí ọmọ ọjà tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ ti kúrò níbẹ̀, ta ló wá ń polówó ọjà? Ilé náà ni. Ọ̀nà tí wọ́n gbà to pẹpẹ, iná tó ń tàn sórí èso, òórùn búrẹ́dì gbígbóná, àwọn ló di ẹnu ọlọ́jà. Nítorí náà, bí súpámákẹ́ẹ̀tì bá tún ilé ṣe, ọ̀rọ̀ tó ń bá yín sọ ló ń yí padà.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ ní Charlotte

Ìlú Charlotte ní North Carolina ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, torí kò síbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere tó bẹ́ẹ̀ lójú tèmi. Ọmọ onílé méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ni Food Lion, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1957 ní Salisbury, ìlú kan tí kò jìnnà síbẹ̀. Food Town ló ń jẹ́ nígbà náà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yí orúkọ yẹn padà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Food Lion ni wọ́n mú, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ pé lára ohun tó mú kí ó wù wọ́n ni pé lẹ́tà tuntun méjì péré, L àti i, ni wọ́n máa nílò fún pátákó. Ẹ wò ó dáadáa: *Town, Lion*. Ẹni tó ń ṣọ́wó ná bẹ́ẹ̀ ni, irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ náà ló sì ní. Èkejì ni Harris Teeter, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Matthews lẹ́gbẹ̀ẹ́ Charlotte. Òun ni ti ẹni tó fẹ́ kí ilẹ̀ máa dán, kí ẹran dára, kó má sì bínú bí owó bá lé díẹ̀. Kálukú mọ àyè rẹ̀.

Ní 2014, nǹkan méjì ṣẹlẹ̀. Kroger parí ríra Harris Teeter ní nǹkan bíi bílíọ̀nù méjì ààbọ̀ dọ́là. Lọ́dún yẹn kan náà, Publix gbéra láti gúúsù, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àkọ́kọ́ ní North Carolina, ní Charlotte. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìròyìn jáde pé Lidl, ará Jámánì kejì, ń bọ̀. Walmart àti Aldi ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní tiwọn.

Kí ni Food Lion ṣe? Ní 2016 ó kéde mílíọ̀nù 215 dọ́là fún ṣọ́ọ̀bù 142 ní Charlotte àti agbègbè rẹ̀. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù kan níbí, òmíràn lọ́hùn-ún. Gbogbo ìlú náà ló gbá mú pọ̀. Lára owó náà ni àtúnṣe ilé, ìdínkù owó ọjà kan, àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́. Lidl kò ṣílẹ̀kùn rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà títí di oṣù kẹfà 2017. Ó túmọ̀ sí pé kí àlejò tó dé, onílé ti gbálẹ̀.

Ìdí tó fi yá wọn lára bẹ́ẹ̀ ni pé àṣà ìrajà le láti yí padà, ṣùgbọ́n bó bá ti yí, ó tán. Bí ṣọ́ọ̀bù tuntun bá ṣí, gbogbo èèyàn á fẹ́ lọ wò ó ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìwòran yẹn ni oníbàárà á wá pinnu. Bó bá padà sí ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ tó bá a pẹ̀lú iná tó ń ṣẹ́jú àti ilẹ̀ tó ti sán, á ronú méjì. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ti àtijọ́ náà ti mọ́, tí ẹ̀fọ́ ibẹ̀ tutù, tí ìlà ìsanwó sì ń yára, kò rí ìdí tí òun fi ní láti wakọ̀ kọjá ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ lọ́nà gbẹ̀fẹ́. Mílíọ̀nù 215 tí a bá pín sí 142 jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là fún ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan. Bí èrè bá jẹ́ dọ́là méjì lórí 100, ṣọ́ọ̀bù náà gbọ́dọ̀ ta ọjà mílíọ̀nù 75 dọ́là kó tó rí iye yẹn padà nínú èrè. Ẹ ti rí i pé kì í ṣe owó àṣejù. Wọ́n ná an nítorí pé bí wọn ò bá ná an, ohun tí wọ́n máa pàdánù ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kódà ẹni tí ọjà rẹ̀ pọ́ọ́kú ò lè jókòó kó káwọ́ gbera. Ní 2017, Aldi fúnra rẹ̀ kéde bílíọ̀nù 1.6 dọ́là láti fi tún ṣọ́ọ̀bù bíi 1,300 ṣe. Aldi o, tó ń ta ọjà nínú páálí!

Kí ni wọ́n ń tún ṣe gan-an?

Èyí tí ẹ máa rí kọ́ ló máa ń gba owó jù. Fíríìjì ni. Nínú súpámákẹ́ẹ̀tì, kò sí ohun tó ń jẹ iná tó fíríìjì, páìpù gáàsì tó ń mú un tutù sì gùn gan-an lábẹ́ ilẹ̀ àti lókè òrùlé. Ibi gígùn bẹ́ẹ̀ máa ń jò. Àjọ EPA, tó ń rí sí àyíká ní Amẹ́ríkà, sọ pé súpámákẹ́ẹ̀tì kan máa ń pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gáàsì rẹ̀ lọ́dún. Gáàsì tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò, R-404A, sì fi nǹkan bí ìlọ́po 3,900 burú ju káábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì lọ ní ti mímú ayé gbóná. Òfin AIM, tí wọ́n ṣe ní ìparí 2020, ní kí irú gáàsì bẹ́ẹ̀ dín kù ní ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún títí 2036. Nítorí náà, nígbà tí fíríìjì bá ti gbó, tí gáàsì rẹ̀ sì ń wọ́n, ṣọ́ọ̀bù á ní bí àwọn bá tiẹ̀ máa hú ilẹ̀, kí àwọn kúkú tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ìdí tí ẹyin fi kúrò níbi tó wà nìyẹn, ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Àwọn ilẹ̀kùn gíláàsì tuntun tí ẹ ń rí lẹ́nu fíríìjì tó ti máa ń ṣí sílẹ̀ gbayawu tẹ́lẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ owó iná ni.

Òru ni wọ́n sábà máa ń ṣiṣẹ́ náà, torí pé bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀bù pa, ẹni tó wà lókè òpópónà á kó oníbàárà wọn lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdajì ilé á wà lẹ́nu iṣẹ́, ìdajì á máa tajà. Ó máa ń rí wúruwùru, owó tó ń wọlé sì máa ń jábọ́ ní àwọn oṣù yẹn.

Ohun tó hàn sójú: ẹ̀fọ́ àti èso á sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n á fẹ̀ sí i. Kò sí ohun tó ń jẹ́ kí ilé dà bíi pé nǹkan inú rẹ̀ tutù ju àwọ̀ ewé àti pupa lọ. Ibi oúnjẹ sísè á gbòòrò, nítorí pé èrè orí adìẹ yíyan ju ti àgolo lọ, Aldi kì í sì í sè é. Pẹpẹ àgolo á dín kù. Ẹ̀rọ ìsanwó tí oníbàárà fi ń dá ara rẹ̀ lóhùn á pọ̀ sí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n á yọ àyè kan fún àwọn tó fi fóònù ra ọjà tí wọ́n kàn fẹ́ wá gbé e sínú mọ́tò.

Àwọn kan máa ń sọ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń gbé nǹkan kiri kí ẹ lè sọnù kí ẹ sì ra ohun tí ẹ ò rò. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ wọ́n ti bù mọ́ ọn. Mílíìkì wà lẹ́yìn ilé nítorí pé ẹ̀yìn ni ọkọ̀ ẹrù ti ń já a, ibẹ̀ náà ni yàrá tútù wà. Pé ó ń mú yín rìn gba iwájú bisikíìtì kọjá, wọn kò bínú sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n oníbàárà tó bá sọnù jù kì í ra púpọ̀, ṣe ló máa bínú lọ. Àwọn tó ń to ilé mọ̀ ọ́n.

Èyí tí mo rò pé ó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni pẹpẹ tó wà ní déédéé ojú yín. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà lè sanwó kí wọ́n tó gba ọjà tuntun rẹ̀ sórí pẹpẹ. Owó ìsọ̀ ni, bí a bá fẹ́ fi ojú tiwa wò ó. Ìgbà àtúnṣe, tí gbogbo pẹpẹ ṣófo, ni ìdúnàádúrà tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí ta ló máa jókòó síbo. Nítorí náà, ohun tó wà lójú yín lẹ́yìn àtúnṣe lè máà jẹ́ èyí tó dára jù tàbí tó pọ́ọ́kú jù. Ẹ wolẹ̀, ẹ wòkè. Ẹ sì ka nọ́ńbà kékeré tó wà lára ìwé owó, èyí tó ń sọ iye tí ìwọ̀n kan jẹ́. Níbẹ̀ ni ẹ ti máa mọ̀ bóyá owó lé ní tòótọ́.

Àwọn tí kò tún nǹkan ṣe, àti ẹni tó yára jù

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ní Massachusetts, ilé-iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Market Basket. Kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́wà, kò fẹ́ràn ẹ̀rọ ìsanwó-fúnra-ẹni, kò sì bìkítà fún káàdì ẹ̀dínwó. Owó ọjà rẹ̀ kéré, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ pọ̀, wọ́n sì máa ń pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ìbátan tó ni ilé-iṣẹ́ náà yọ ọ̀gá wọn, Arthur T. Demoulas, nípò ní 2014, àwọn òṣìṣẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn oníbàárà sì kọ̀ láti ra ọjà ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ títí tí wọ́n fi rí i pé ó padà. Èmi ò mọ súpámákẹ́ẹ̀tì mìíràn tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ti bá jà báyìí nítorí ọ̀gá. Ẹni tó bá ní irú ìyẹn lọ́wọ́ kò nílò iná tuntun kánjúkánjú.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi Market Basket wé A&P. A&P ti wà láti 1859, ní nǹkan bíi 1930 ó ní ṣọ́ọ̀bù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16,000, kò sì sí ẹni tó tó o. Àwọn ilé rẹ̀ gbó mọ́ ọn lọ́wọ́, gbèsè pọ̀, owó àtúnṣe ò sí, oníbàárà ń dín kù, owó àtúnṣe tún wá dín sí i. Ní 2015 ó kógbá sílé pátápátá. Marsh ní Indiana náà kógbá sílé ní 2017. Marsh yìí kan náà ni o! Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Troy, Ohio, ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ka báákóòdù ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà 1974, lára ṣingọ́ọ̀mù Wrigley. Pé èèyàn ló kọ́kọ́ rí ọgbọ́n tuntun kò ní kó ṣẹ́gun.

Ti Haggen ló ká mi lára jù. Láti 1933 ló ti wà ní Bellingham, ìpínlẹ̀ Washington, ṣọ́ọ̀bù 18 péré ló ní, àwọn ará ibẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí Albertsons fẹ́ ra Safeway, súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá mìíràn, ìjọba ní àfi kó kọ́kọ́ ta àwọn ṣọ́ọ̀bù kan kí ìdíje má bàa kú. Haggen gba 146 lára wọn ní ìpínlẹ̀ márùn-ún. Òkèlè tó ju ẹnu lọ ni. Láàárín oṣù díẹ̀ ní 2015, wọ́n ń yí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan padà lọ́kọ̀ọ̀kan: wọ́n á tì í, wọ́n á pààrọ̀ pátákó, ọjà àti owó ọjà, wọ́n á tún ṣí i. Àwọn ará California wọlé, wọn ò mọ orúkọ tuntun náà, wọ́n rí i pé ọjà wọ́n, wọ́n sì jáde. Haggen ní Albertsons ló fún òun ní àkọsílẹ̀ owó tí kò tọ̀nà, ó pè é lẹ́jọ́ fún bílíọ̀nù kan dọ́là; Albertsons ní irọ́ ni. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, Haggen ti wà nílé ẹjọ́ fún gbèsè. Albertsons ló ra ìyókù rẹ̀ ní 2016.

Ibi tí ìjọba ti wọ̀ ọ́

Ìtàn Haggen yìí kò kú síbẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 2022, Kroger kéde pé òun fẹ́ ra Albertsons ní bílíọ̀nù 24.6 dọ́là. Wọ́n ní àwọn á ta ṣọ́ọ̀bù 579 fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ C&S kí ìdíje lè ṣì wà. C&S máa ń kó ọjà fún àwọn ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ ṣọ́ọ̀bù tí òun fúnra rẹ̀ ń bójú tó kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rántí Haggen lójú ẹsẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, adájọ́ Adrienne Nelson ní Oregon sì dá ọ̀rọ̀ náà dúró ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 2024. Adájọ́ mìíràn ní ìpínlẹ̀ Washington dá irú ẹjọ́ kan náà lọ́jọ́ yẹn. Ní ọjọ́ kejì, Albertsons fagi lé e, ó sì yí padà pe Kroger lẹ́jọ́.

Ìdí tí èyí fi kàn yín ni pé ìdíje súpámákẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè. Ti àdúgbò ni. Kò já mọ́ nǹkan fún yín pé súpámákẹ́ẹ̀tì pọ̀ ní Amẹ́ríkà bí méjì péré bá wà níbi tí ẹ lè wakọ̀ dé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí ẹnì kan sì ni àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá di ti ẹnì kan, kò sí ẹni tí wọ́n á torí rẹ̀ tún ilé ṣe mọ́.

Ó ku ohun kan tí àwọn èèyàn kì í mọ̀. Bóyá ilé súpámákẹ́ẹ̀tì kan wà ládùúgbò yín tó ti ṣófo láti ọdún mélòó kan, tàbí tó ti di ibi ìdárayá, tí ẹ sì ń béèrè pé kí ló dé tí ẹlòmíràn ò gbà á kó máa ta oúnjẹ níbẹ̀. Ìwé lè wà nídìí rẹ̀. Bí súpámákẹ́ẹ̀tì bá ta ilé, tàbí tó bá kó kúrò nínú ilé tó háyà, ó lè fi sínú àdéhùn pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ta oúnjẹ níbẹ̀ fún iye ọdún kan. Lọ́nà bẹ́ẹ̀, bí òun tiẹ̀ kúrò níbẹ̀, ẹni tó ń bá a díje ò ní wọ bàtà tó bọ́ sílẹ̀, àwọn oníbàárà àtijọ́ á sì wakọ̀ lọ sí ẹ̀ka rẹ̀ mìíràn. Ní Washington, D.C., ìgbìmọ̀ ìlú ṣe òfin lòdì sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ní 2018. Ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn, ó ṣì bófin mu.